Omi Tí Mo Dà Nù Ní Ìdí Afoká

Òórùn ẹfun ìkunlé, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i, kò tíì kúrò ní imú mi. Bí mo bá ń kọjá níbi tí àwọn akunlé ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Houinmè ní Àjàṣẹ́, tí mo sì gbọ́ tí nǹkan ń hó ṣùùṣùù nínú àgbá, ńṣe ni màá sọdá sí òdìkejì ọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ mí rò pé nítorí àpá tó wà ní ọrùn mi ni. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbóná ẹfun nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Ohun kan wà tí mo ṣe ní ìdí igi afoká ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òun ni mò ń sá fún. Mo ti ń sá fún un láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú títí di ìsinsìnyí tí mi ò lè kàwé láìlo awò ojú.

Nígbà náà, mi ò ní iṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́. Mo ti ka ìwé díẹ̀ ní Àjàṣẹ́, mo sì ti ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn akunlé. Ẹfun ìkunlé yìí, tí àwa ń pè ní ṣó, ni wọ́n fi mí sídìí rẹ̀. Ó máa ń dé ní òkúta-òkúta nínú àpò. Èmi ni mo máa ń kó o sínú àgbá, tí màá da omi lé e lórí, tí màá sì sá sẹ́yìn, nítorí bí omi bá ti kàn án, yóò gbóná, yóò hó, èéfín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bíi ti ìkòkò tó wà lórí iná. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé omi ló ń bí ṣó nínú. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo mú ti iṣẹ́ náà bọ̀ nìyẹn, mo sì gbà lọ́kàn mi pé mo gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ránṣẹ́ pè mí. Ìyá kan náà ló bí wa, òun ló sì tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí, ó sì fi oko afoká kan sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìlú Akpro-Missérété, àwọn igi tó ga, tó ṣú bo ilẹ̀, tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọkọ ń wo oko yẹn láti òkèèrè. Wọ́n ní bí opó náà kò bá lè tọ́jú rẹ̀ kó mú èso gidi wá, kí ó gbé e lé ọwọ́ ẹni tó lè ṣe é. Houinmè ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ṣùgbọ́n oko yẹn ló fi ń jẹun, òun náà ló sì fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. "Àbúrò," ó ní, "wá bá mi dúró. Bí wọ́n bá rí ọkùnrin lẹ́yìn mi, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀." Bí mo ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn, èmi tí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé afoká àti ewé ọsàn.

Bí ẹ bá ti ta afoká rí, ẹ ó mọ̀ pé èso alágàbàgebè ni. Àwọn ará Èkó tó ń wá rà á lọ́wọ́ wa ń pè é ní píà. Ẹ ó gbé e wò, awọ rẹ̀ á máa dán; ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á le. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó là á, inú rẹ̀ á ti dúdú, okùn tínínrín-tínínrín á ti ta káàkiri inú ẹran rẹ̀ bíi gbòǹgbò. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà wa lè dúró ní ẹnubodè fún ọjọ́ mélòó kan, afoká kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan láti Èkó padà wá bá wa lọ́sẹ̀ kan, ó sì dúró sí àárín ọ̀nà, kò tilẹ̀ kí wa. "Ìyá Píà!" ó ké sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé píà lẹ tà fún mi ni, àbí èédú? Mo là á níwájú oníbàárà, ojú tì mí bíi pé èmi ni mo jí i!" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ní sáà yẹn ni olùkọ́ àgbẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa. Ará òkè lọ́hùn-ún ni, èdè Nàgó tirẹ̀ kò bá tiwa mu dáadáa, ó sì máa ń pa á pọ̀ mọ́ Faransé. Ó gbé afoká kan tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Tanti, egungun ni èso yín kò ní."

Obìnrin ará Gun kan wà tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tó máa ń bá wa pọn omi. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu. "Egungun kẹ̀?" ó dáhùn. "Mísíọ̀, bí afoká bá ní egungun, ṣé kò ní di ẹja báyìí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ní ohun kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní kálísíọ́mù, òun ló wà nínú egungun, nínú èèpo ẹyin, nínú ìkarahun, nínú ẹfun. Bí èso bá rí i jẹ tó nígbà tó ṣì kéré, inú rẹ̀ á le, kò ní tètè rọ̀, kò sì ní tètè dúdú nínú yàrá tí a kó o sí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ewé afoká kì í fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ yìí. Ohun tí ẹ bá fọ́n sí ewé, ewé á jẹ ẹ́ tán. Ara èso gan-an ni kí ẹ fọ́n ọn sí, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì máa tún un ṣe títí èso á fi dàgbà. Ó gbé àpò ìyẹ̀fun kan kalẹ̀ fún wa. Ó bu díẹ̀ sínú garawa omi, ó rò ó, omi náà sì mọ́ kedere bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí èmi ni ọkùnrin ibẹ̀. Ó ní, "Ẹnu àpò yìí, máa dì í pinpin. Ìyẹ̀fun yìí ń mu omi inú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí o bá ṣí i sílẹ̀, á yọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, bí a ṣe máa ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà.

Sáà àkọ́kọ́ dára. Mo máa ń gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi á máa tọ́ka sí èyí tí mi ò rí láàárín ewé, aládùúgbò wa á máa pọn omi. Nígbà tí a ká wọn, a tò wọ́n sórí àga ọparun nínú yàrá amọ̀ tó wà lábẹ́ òjìji, wọn ò fara kan ara wọn, a sì fi aṣọ tútù bo fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń la ọ̀kan wò lójoojúmọ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, inú wọn ṣì mọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí bọ́tà. Obìnrin ará Èkó yẹn tún padà wá, ó fẹnu bà á, ó ní, "Ìyá, kí lẹ fi sí i? Ẹ má fi pamọ́ fún mi." Àwọn àgbẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bèèrè olùkọ́ náà. Ẹbí ọkọ kò sọ nǹkan kan mọ́. Èmi náà ń yan láàárín ọjà bí ẹni pé èmi ni mo dá kálísíọ́mù sáyé.

Ìgbéraga ló ń ṣí ẹnu àpò sílẹ̀. Ní sáà kejì, lẹ́yìn tí a ti fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a kò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo padà dé yàrá ìkẹ́rùsí, mo bá àpò náà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀ gbàgà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti yọ́ di omi. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yọ̀ bí omi ilá. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé ẹ̀gbọ́n mi á bèèrè, mo rò ó pé àwọn ẹbí ọkọ á gbọ́ pé ọkùnrin tó mú wá gan-an ló ba oko jẹ́. Mo wọ́ àpò náà lọ sẹ́yìn yàrá, mo da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, mo sì fọ àpò náà mọ́.

Ká ní mo sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, èébú díẹ̀ ni ì bá jẹ́, kò sì sí ẹni tí èébú ń fọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti mú mi. Mo rántí ohun tí olùkọ́ sọ: kálísíọ́mù wà nínú ẹfun. Kí sì ni ṣó, bí kò ṣe ẹfun? Èmi tí mo ti pò ó títí ọwọ́ mi fi bó, ta ló tún máa kọ́ mi? Mo lọ bẹ ọ̀gá mi àtijọ́ ní Houinmè, ó fún mi díẹ̀, mo kó o sínú àpò olùkọ́, mo dì í pinpin lọ́tẹ̀ yìí.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ fọ́n ọn, mo ṣáájú wọn dé oko. Mo da omi sí ṣó náà nínú garawa, ó hó, ó gbóná. Mi ò lè dúró di ọjọ́ kejì bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ mi, nítorí wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà tí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, mo fi aṣọ àtijọ́ kan sẹ́ ẹ, mo dà á sínú pọ́ńpù, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí mi lẹ́yìn bí ọmọ tó ní ibà.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ohun tó ń jáde. "Àbúrò, kí ló dé tí oògùn funfun lónìí? Ti tẹ́lẹ̀ mọ́ bí omi."

"Tuntun ni, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Èyí lágbára jù ú lọ."

"Ẹ̀kọ ni ẹ fẹ́ fún àwọn igi mu láàárọ̀ yìí?" aládùúgbò wa béèrè. "Ẹ rántí fi ṣúgà sí i o." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ pọn omi.

A ṣe igi kan, a ṣe èkejì. Ní igi kẹta, ẹnu pọ́ńpù dí. Ní agbègbè wa, bí ẹnu pọ́ńpù bá dí, kò sẹ́ni tó ń wá abẹ́rẹ́ tàbí okùn. Ẹni tó bá wà nítòsí á tú orí rẹ̀ kékeré yẹn, á fi sẹ́nu, á fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń fẹ́ tiwa, nítorí ẹrù wà lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́, ó ní, "Má wulẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbé e wá, jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú pọ́ńpù yẹn. Bí mo bá ní kí ó má fẹnu kàn án, á bèèrè ìdí rẹ̀. Nítorí náà, mo dákẹ́. Mo na ọ̀pá náà sí i, mo sì yí ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi pé mò ń wo èso. Mo gbàgbé pé ọwọ́ mi ṣì tẹ irin tó ń tú omi sílẹ̀. Bó ṣe tú orí rẹ̀ báyìí, gbogbo agbára tí mo ti ń pọ́ńpù sínú rẹ̀ láti àárọ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ta sí mi lọ́rùn, ó jó mi. Ìyókù ta sí ẹ̀gbọ́n mi lójú.

Mi ò ní kọ bí ó ṣe ké. Aládùúgbò wa ń bọ̀ láti odò nígbà náà, abọ́ tó kún fún omi wà lórí rẹ̀. Ó sáré dé, ó sọ abọ́ náà kalẹ̀ láti orí sí ọwọ́ rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Tẹ orí ba, Tanti! Omi rèé, tẹ orí ba!" Mo rí omi yẹn, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni àgbá Houinmè, èéfín àti ìhó. Mo ké, "Má dà á sí i! Omi á mú un hó!" Kò dá mi lóhùn. Mo gbá abọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Omi náà dà sí ìdí afoká, ilẹ̀ sì mu ún tán ní ojú mi. Epo pupa tí a gbé wá fún iṣu sísun wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo mú un, mo ṣí ìpéǹpéjú ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìka mi, mo dà á sí i. "Ṣe jẹ́ẹ́, Ẹ̀gbọ́n," mo ń sọ, "epo á tù ú."

Inú omi la ti ń po oògùn yẹn láti ọdún tó kọjá, kò sì hó rí. Ká ní ẹnikẹ́ni dúró rò ó ni, ì bá bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé á hó. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Sémíjàn kan, ọlọ́kadà, fi alùpùpù rẹ̀ gbé wa, ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín èmi àti aládùúgbò wa, ó di àyà mi mú. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí a dé, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan bèèrè ohun tó wọ ojú rẹ̀. Mo ní oògùn afoká ni, èyí tí olùkọ́ àgbẹ̀ gbé wá. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, omi ló ń dà sí i lójú, omi púpọ̀, kò dáwọ́ dúró. "Ta ló da epo sí i?" ó béèrè. "Ṣé ẹ ò ní omi lóko ni?" Aládùúgbò wa la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nínú ìrora yẹn: "Ẹ má bá a wí. Ẹ̀rù ló bà á. Ọmọ mi ni."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, mo tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ohun tó tì mí. Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ ṣó ńkọ́? Ṣé omi kò ní mú un hó?"

Ó wò mí. "Ṣó gan-an ló yẹ kó tètè gba omi jù lọ. Omi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ omi kòtò. Ṣé ṣó ni?"

"Rárá o," mo ní. "Mo kàn bèèrè ni."

Ojú ọ̀tún yè. Ojú òsì kò ríran mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Mo ti fi ọwọ́ ara mi rọ ọba lóyè, mo sì fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sí ẹrù ẹlòmíràn.

Olùkọ́ àgbẹ̀ gbọ́, ó wá. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó tì í pẹ́, kò gbèjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú òun lọ sí oko. Ó ṣí pọ́ńpù, ó fi èékánná họ inú rẹ̀, ó gbé ìyẹ̀fun funfun náà sún mọ́ ojú. Ó bèèrè àpò. Mo ní ó ti tán. "Ó yọ́?" ó béèrè. Mo yíjú sí kòtò ẹ̀yìn yàrá. Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Omi tó yọ́ dà yẹn, oògùn náà ṣì ni. Ká ní o bù ú sínú garawa, tí o bu omi mọ́ ọn, à bá fọ́n ọn sí èso, kò sí ohun tí ì bá ṣe." Ó gbójú sókè wo igi mẹ́ta tí ewé wọn ti funfun bí ògiri tuntun. Ó ní, "Ọmọ ìyá rẹ ni. Èmi ò ní sọ fún un. Ìwọ ni kí o sọ ọ́."

Ó dúró dè mí. Lẹ́ẹ̀mejì ló tún yà sí oko lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì ni mo fi ara pamọ́ lẹ́yìn igi bí olè. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti tàn dé ọjà Akpro-Missérété pé oògùn rẹ̀ ń fọ́ni lójú. Wọn ò dá a lóhùn mọ́ bí ó bá kí wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Mísíọ̀ Afọ́nilójú. Àwọn àgbẹ̀ da ìyẹ̀fun tí wọ́n ti gbà sínú igbó. Kò pẹ́, a kò rí i mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e kúrò ní agbègbè wa. Títí ó fi lọ, kò sọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni. Ewé igi mẹ́ta yẹn ṣì funfun títí òjò ńlá fi fọ̀ wọ́n, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gba abẹ́ wọn kọjá.

Ẹbí ọkọ gba ìdajì oko ní ọdún yẹn, wọ́n ní olójú kan kò lè tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di ìdajì tó kù mú. A kò fọ́n nǹkan kan sí i mọ́. Afoká padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, àwọn ará Èkó sì padà sí èébú wọn. Èmi kò kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ènìyàn yìn mí nítorí rẹ̀, wọ́n ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ní ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó sí i dáadáa. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń bu omi fún ènìyàn, omi náà á máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Nítorí náà, mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n sún kọ́ọ̀pù sábẹ́ omi kí ó tó dà sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń tan ara mi pé mò ń san nǹkan.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Kò bá tèmi, èmi ni mo dúró dè é nígbà tó rẹ̀ mí. Ní àìpẹ́ yìí, olùkọ́ àgbẹ̀ mìíràn dé, ọ̀dọ́bìnrin ni, ó gbé irú ìyẹ̀fun yẹn wá. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á lé e. Ó ní ká dán an wò, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbé garawa omi mímọ́ sí ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó pe gbogbo ẹni tó fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ jọ. "Bí ó bá ta sí yín lójú," ó ní, "omi ni, omi, omi! Àbúrò mi yìí, ó da tèmi nù. Kò mọ̀ ni. Ìfẹ́ ló ṣe é, ìfẹ́ aláìmọ̀kan." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo jókòó tì í lábẹ́ igi kẹta yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣó ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹnu àpò títí dé orí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ń fi ìka yí ewé gbígbẹ kan lórí itan rẹ̀.

"O mọ̀ pé ṣó ni," ó ní nígbẹ̀yìn, "o sì fẹ́ jẹ́ kí n gbé ẹnu lé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ju ewé náà nù. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún. "Olùkọ́ àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ta ló ti sọ fún àwọn ènìyàn pé oògùn rẹ̀ kọ́ ló ṣe é?" Mo ní kò sẹ́nìkan. Ó dìde. "Ojú tèmi ni. Bó bá wù mí lọ́jọ́ kan, màá fi jì ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Lọ gbé e padà fún un."

Mo dúró níwájú àwọn àgbẹ̀ ní ìpàdé wọn ní Akpro-Missérété, mo sì sọ ọ́. Aládùúgbò wa, tó ti darúgbó báyìí, na ìka sí mi: "Nítorí náà lo ṣe gbá abọ́ mi! Láti ọdún yẹn ni mo ti ń rò ó, báwo ni ẹni yìí ṣe mọ̀ pé á hó?" Bàbá arúgbó kan tó ti gé gbogbo afoká rẹ̀ tó sì fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò wọn kò pariwo. Ó ní, "Nítorí ẹnu rẹ ni mo ṣe gé igi bàbá mi," ó sì gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Èyí ló dùn mí ju gbogbo èébú lọ. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ náà bá mi wádìí ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí i, mo sì rán an. Èsì kò tíì dé. Ó lè má dé láéláé, mi ò sì ní ẹ̀tọ́ láti máa retí rẹ̀. Ìdí tí mo ṣe kọ èyí náà nìyẹn, kí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn àkọ́kọ́ lè rí èkejì kà.

Èmi ni mò ń di ẹnu àpò nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń fi ìka tẹ kókó okùn rẹ̀ wò kí ó tó lọ. A kò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Lánàá, a jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbé jọ́ọ̀gì láti bu omi fún mi. Mo rí i pé omi náà fẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ mi ti lọ sí ìdí kọ́ọ̀pù kí n tó mọ̀.

"Fi kọ́ọ̀pù yẹn sílẹ̀," ó ní.

Mo yọ ọwọ́ mi. Ó ń dà á, díẹ̀ wọ inú kọ́ọ̀pù, èyí tó pọ̀ jù dà sórí tábìlì, ó ṣàn dé etí rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀. Kò yára, kò sì wo ibòmíràn. Mo jókòó, mo ń wò ó.